Ẹkúndayọ̀ Phillips: ẹni tó wá ọ̀nà kí orin má ba ọ̀rọ̀ jẹ́

Nígbà kan tí ẹgbẹ́ wa jókòó láti fi ohùn mẹ́rin kọ orin kan tí àwọn ìyá wa máa ń kọ ní Atakpamé, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a kò gbàgbé. Orin náà ń yin ìlú. Àwọn soprano kọ ọ́ dáadáa: ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì gòkè, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Àwọn alto dúró sójú kan nísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìlànà tí a kọ́ nílé ìwé fi wọ́n sí. Àwọn bass tilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ìyá àgbà kan tó wà níbẹ̀ tẹ́tí títí, ó wá bi wá léèrè bóyá ìlú ni à ń yìn tàbí ìlù. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá wa délé.

Ọkùnrin kan wà ní Èkó tó fi iṣẹ́ ọgọ́ta ọdún wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips ni orúkọ rẹ̀. Atẹdùùrù ni, olùdarí akọrin ni, ó sì kọ ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ìtàn orin Nàìjíríà ló ń pè é ní baba orin ìjọ níbẹ̀. Ní ìhà tiwa yìí, àwọn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ Ifè tí à ń sọ nílé ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Yorùbá tí òun ń sọ. Ohun tó dààmú rẹ̀ ló ń dààmú ẹgbẹ́ akọrin wa títí di òní. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùwádìí tó ń ka ojú ewé wa.

Ọmọ alárinà

A bí Ẹkúndayọ̀ Phillips ní ọdún 1884. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Togoville tó mú Jámánì wọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Tógò lónìí. Baba rẹ̀ ni Charles Phillips, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òǹdó ní ọdún 1877, tí wọ́n sì fi joyè bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893.

Ẹni tó bá mọ ìtàn ogun Kírìjì yóò ti gbọ́ orúkọ baba yìí. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti bá ara wọn jà títí tó sú wọn, Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, àti Charles Phillips wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ sí ibùdó ogun méjèèjì ní ọdún 1886 kí àlàáfíà lè dé. Baba rìn láàárín ibùdó méjì tí kò fẹ́ gbọ́ ti ara wọn. Ọmọ náà yóò wá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ohùn méjì: ohùn tí èdè ń béèrè, àti ohùn tí ìlànà orin òyìnbó ń béèrè.

Ilé ìwé CMS Grammar School ní Èkó ni Ẹkúndayọ̀ ti kàwé. Ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ kan, Àlùfáà Johnson, ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi gún. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù ìjọ St. Paul, Breadfruit, ní Èkó, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìjọ tó bá wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pín sí méjì ni. Ní ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Breadfruit bínú jáde nítorí bí àwọn aláṣẹ ìjọ ti ṣe sí James Johnson, olùṣọ́ àgùntàn wọn, wọ́n sì dá ìjọ African Church sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ìjọ tó ń fi owó àti agbára rẹ̀ gbé ró. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá jókòó sídìí dùùrù ní Breadfruit ní 1902 yóò mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń béèrè orin ta ni à ń kọ, àti ti ta ni ohùn tó gbé e.

Ohun tí orin ìjọ ń ṣe sí ọ̀rọ̀

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a sọ bí orin ìjọ ti rí nígbà náà. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn túmọ̀ orin òyìnbó sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn òyìnbó náà sílẹ̀ bó ti wà. Wọ́n ka iye sílébù, wọ́n rí i pé ó dọ́gba, wọ́n ní ó ti tó. Kò tó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè gun òkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú orin, ọ̀rọ̀ yóò ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbà tó ń kọjá lọ, àti igba tí à ń kà: lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Orin tó bá ju ohùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ti fọ́ ẹyin náà, àwọn tó wà nínú ìjọ á sì máa kọrin tí ẹnu wọn ń sọ ohun tí ọkàn wọn kò rò.

Àwọn kan ti rí ìṣòro yìí kí Phillips tó dé ìdí rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tó wà láyé láti 1855 sí 1930, ń ṣe orin ìjọ tó tẹ̀lé ohùn Yorùbá. Ní ọdún 1922 ó kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní apá ibi tí àwọn aládùúgbò wa Ewé wà, Ephraim Amu, ọmọ Peki tí a bí ní 1899, ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún Ewé àti Twi. Ní 1933 ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Akropong, nítorí pé ó ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa lọ sórí àga ìwàásù. Ìṣòro náà kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo.

Ọdún mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1911, Phillips wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ Trinity College of Music. Ó kọ́ píánò, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti fáólìn níbẹ̀ títí di 1914. Robert Coker, tó lọ kọ́ orin ní Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló ti ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ iṣẹ́ orin lókè òkun. Òun ni wọ́n kà sí ẹnì kejì.

Kò sí ẹni tó lè kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì dójú àmì láì kọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní counterpoint, tí àwa tí a kàwé ní Faransé mọ̀ sí contrepoint. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àmì tó kọjú sí àmì, nítorí àmì kékeré ni wọ́n fi ń kọ ohùn orin sílẹ̀ nígbà àtijọ́. A ó máa pè é ní ìpàdé ohùn níhìn-ín. Orin méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, tí wọ́n ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìrìn tirẹ̀, síbẹ̀ tí wọ́n bá ara wọn mu. Kò dà bí ọ̀gá àti àwọn tó ń tẹ̀lé e. Ó dà bí ènìyàn mẹ́ta tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ pọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì dàrú.

Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Johann Joseph Fux tẹ ìwé jáde ní ọdún 1725 tó to àwọn òfin ìpàdé ohùn lẹ́sẹẹsẹ, Gradus ad Parnassum ni orúkọ ìwé náà. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin Yúróòpù ti ń gba ọ̀nà tó là. Méjì nínú àwọn òfin náà kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Èkínní ni pé ó dára kí ohùn méjì máa kọ ẹ̀yìn síra wọn: bí ọ̀kan bá ń gòkè, kí èkejì máa sọ̀ kalẹ̀. Èkejì ni pé àwọn ọ̀nà kan wà tí ohùn méjì kò gbọdọ̀ gbà rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pàápàá tí àlàfo wọn bá jẹ́ ìpele márùn-ún tàbí mẹ́jọ. Ẹni tó bá ṣe é, olùkọ́ á fa ìlà pupa sí i.

Ẹ wò ó bí òfin wọ̀nyí ti rí sí ẹni tó ń sọ Yorùbá. Bí soprano bá ń pe ìlú, tó gòkè, tí bass sì kọ ẹ̀yìn sí i, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ìlú. Èkejì kò sọ ohunkóhun tí etí lè mọ̀. Ohun tí òfin Fux ń fẹ́ ni èdè wa ń kọ̀. Ohun tó ń kọ̀, ìyẹn rírìn ní ẹ̀gbẹ́ ara, ni èdè wa ń fẹ́. Àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń fi ohùn méjì kọrin láti ayébáyé mọ èyí láì ka ìwé kankan: ohùn kejì a máa tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ gòkè, á sì tẹ̀lé e sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì wà láàyè nínú ohùn méjèèjì.

Ọdún méjìdínláàádọ́ta nídìí dùùrù kan

Ní 1914 Phillips padà sí Èkó. Àwọn ará Atakpamé mọ ọdún náà dunjú. Ní oṣù kẹjọ rẹ̀ ni àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn fọ́ ilé iṣẹ́ tẹlígíráàfù aláìlókùn ní Kamina, nítòsí ìlú wa, kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ohùn tó ń ti Kamina lọ dé Jámánì dákẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n fi Phillips jẹ Ọ̀gá Orin àti atẹdùùrù ní Christ Church, Marina, ní Èkó, ìjọ tó di Kàtídírà. Kò kúrò níbẹ̀ títí di 1962.

Ilé ìsìn náà fúnra rẹ̀ yí padà lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún 1925, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá jọba lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí Edward Kẹjọ fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni àwọn akọrin fi ń kọrin nítòsí àwọn tó ń mọlé. Phillips a máa kó wọn lọ sí ìlú mìíràn láti kọrin, kí wọ́n lè rí owó ra dùùrù ńlá onífèrè fún Kàtídírà.

Orin òyìnbó tó dára jù lọ ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, kò sì fojú kéré rẹ̀ rí. Àmọ́ ó tún ń ṣe orin Yorùbá fún ìsìn: orin ìdáhùn láàárín àlùfáà àti ìjọ, àti Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà tó sọ di orin akọrin ní Yorùbá. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń darí ohùn. Ó máa kọ́kọ́ gbọ́ bí ẹnu ti ń pe gbólóhùn, kó tó wá ohùn orin tó máa gbé e.

Ọ̀nà tó là

Bí a bá wo ìṣòro náà bí ẹni tó ń ṣe orin ti ń wò ó, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí ohùn púpọ̀ fi lè pàdé láì ba Yorùbá jẹ́. Ó yẹ kí olùdarí akọrin kọ̀ọ̀kan ní Atakpamé mọ̀ wọ́n.

Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí a ti sọ: kí gbogbo ohùn gòkè pọ̀, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ohùn kan sọ̀rọ̀ tán, kí òmíràn tó wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lókè ju ti àkọ́kọ́ lọ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ìrísí ohùn náà kò bá ti yí. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn èyí púpọ̀ nínú ìpàdé ohùn tiwọn, òun ló sì bá èdè wa mu jù lọ, nítorí àwa náà ti ní í tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń lé orin kì í dúró kí àwọn tó ń gbè parí pátápátá kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé ohùn ni ibi tí ohùn wọn ti gun ara wọn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọ̀gá Yúróòpù fẹ́ràn, wọ́n á dojú orin dé, kí ibi tó ń gòkè máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá rárá. Ìlú tí a bá dojú rẹ̀ dé kì í ṣe ìlú mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí ohùn kan máa sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù máa dún láì sọ ọ̀rọ̀. Ohun tó bá dákẹ́ ọ̀rọ̀ ní òmìnira láti rìn bó ti wù ú. Níbí ni dùùrù ti wúlò fún Phillips. Ó ṣe iṣẹ́ méjì fún dùùrù tí àwọn onímọ̀ orin mọ̀ dáadáa, Passacaglia àti Variations, èyí tó gbé kalẹ̀ lórí orin ìbílẹ̀ wa. Passacaglia jẹ́ irú orin kan ní Yúróòpù tí orin kúkúrú kan ti ń padà wá lemọ́lemọ́, tí àwọn ohùn mìíràn sì ń hun ara wọn yí i ká. Kò sí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ nínú dùùrù, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tó máa fọ́. Phillips lè lo gbogbo ohun tó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ láì ṣẹ èdè rẹ̀.

Ẹni tó bá sì mọ dùndún kò ní ṣe ìyàlẹ́nu pé orin Phillips rìn bẹ́ẹ̀. Nínú agbo dùndún, gúdúgúdú àti àwọn omele a máa lu ìlù kan náà lọ, wọn kì í yẹsẹ̀. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ lórí wọn, ó ń kì, ó ń pe orúkọ, ó ń bú, ó ń yìn. Bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, a ò ní gbọ́ nǹkan kan. Àwa náà ń rí irú rẹ̀ nígbà tí àwọn oníjó tchébé bá gun igi gíga wọn: ìlù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, oníjó sì mọ èyí tó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ìpàdé ohùn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu

Kì í ṣe inú orin nìkan ni ohùn ti ń kọjú sí ohùn. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ lásán tí a bá fi ọgbọ́n tò ó. Bí a bá ní ẹnì kan rìn dé òkun, a sì tún ní ó rìn dé ọ̀sà, gbólóhùn méjèèjì jọ ara wọn títí dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Òkun parí sí ohùn àárín, ọ̀sà sì parí sí ohùn ìsàlẹ̀. Etí á gbọ́ pé ohun kan ti ṣí sílẹ̀ ní ìlà kìíní, ó sì ti di ní ìlà kejì. Àwọn babaláwo, àwọn oníjàálá àti àwọn tó ń sun ìyẹ̀rẹ̀ mọ èyí lò dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn Yorùbá tó jáde ní 1984, yá orúkọ counterpoint láti inú orin láti fi pe ọgbọ́n yìí. Ọgbọ́n tí Phillips lọ kọ́ ní òkè òkun ní ìbátan nílé, nínú ẹnu àwọn àgbà.

Ìwé 1953

Ní ọdún 1953, nígbà tó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ẹgbẹ́ African Music Society ní Johannesburg tẹ ìwé Phillips jáde lórí orin Yorùbá. Àkọlé ìwé náà gbé kókó rẹ̀ kalẹ̀: orin Yorùbá ni ibi tí ọ̀rọ̀ àti orin ti para pọ̀ di ọ̀kan. Ó ṣàlàyé bí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń bí ohùn orin, àti bí ọ̀pọ̀ orin wa ti dúró lórí ìpele ohùn márùn-ún. Ó tún fi orin wa wé orin ìjọ Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí ohùn kan ṣoṣo ń kọrin, tàbí tí méjì ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ìfiwéra yẹn ni a ń bá a jiyàn lé lórí díẹ̀. Bí a bá ní orin wa wà níbi tí Yúróòpù ti wà nígbà àtijọ́, ó dà bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà dé ibi tí Yúróòpù dé. Dùndún kò lọ síbẹ̀, kò sì rẹ̀yìn. Àmọ́ kí a má gbàgbé pé ọmọ ìjọba amúnisìn ló ń kọ̀wé, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kò tilẹ̀ gbà pé orin wa ní òfin. Ó fi hàn pé ó ní. Ó tún fi hàn pé inú èdè ni òfin náà wà, níbi tí òyìnbó kò lè rí i bí kò bá kọ́kọ́ kọ́ èdè.

A kò sì ní sọ pé gbogbo orin tó ṣe ló bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro náà. Níbi tí akọrin mẹ́rin bá ti ń pe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́gẹ́ bí ìlànà orin ìjọ, ohùn òkè ló sábà máa ń rí ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ gbà, tí àwọn ìsàlẹ̀ sì ń san gbèsè rẹ̀. Ìjà náà kò tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í lé àwọn mìíràn lọ́wọ́.

Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀

Àwọn ọmọ tó tọ́ ló mú iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn. Fela Sowande, tí a bí ní 1905, kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní Kàtídírà, ó sì kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀, kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti ṣe African Suite ní 1944, níbi tí orin ìlẹ̀ Áfíríkà ti wọ inú àwọn ohun èlò olókùn. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tó wà láyé láti 1935 sí 1976, àti Christopher Oyèsíkù, olóhùn bass tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, náà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1962, ọmọ rẹ̀, Charles Olúwọlé Ọbáyọ̀mí Phillips, ló jókòó sídìí dùùrù náà. Òun náà lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Ní 1964, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi oyè ọ̀mọ̀wé dá bàbá lọ́lá. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1969, ó kú.

Ohun tó kù fún wa

A padà sídìí orin àwọn ìyá wa. Ní ìgbà kejì, a kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé orin. A ní kí ìyá àgbà náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láì kọ ọ́ lórin, a sì fi àmì ohùn sí gbogbo sílébù. Soprano ló kọ́kọ́ gbé e. Tenor gbà á lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ti soprano ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ kò yí. Alto rìn ní ẹ̀gbẹ́ soprano. Àwọn bass pa ẹnu dé, wọ́n ń kùn. Ìyá náà kò béèrè ìlú tàbí ìlù mọ́. Ohun tó sọ ni pé àwọn ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn ń dún bí ẹni tó sùn. A ó tún un ṣe.

Àárín àwọn orin tó wà lẹ́nu àwọn àgbà wa ní Atakpamé àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọ̀pọ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin á fẹ́ fi ohùn mẹ́rin kọ lọ́jọ́ kan. Kò burú. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin olùdarí akọrin ni pé kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ kí ẹ tó pín ohùn fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbàlagbà kan tí kò mọ ìwé orin jókòó tì yín nígbà ìdánrawò. Bó bá gbọ́ ohun tí ẹ ń kọ, iṣẹ́ yín pé. Bó bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ má rẹ́rìn-ín bí a ti rẹ́rìn-ín. Ẹ dá orin dúró, kí ẹ tún ibẹ̀ ṣe.